Akínpẹ̀lú Obísẹ̀san, Olórí Àwọn Alájẹṣẹ́kù

Láàrin àwọn ọmọ Ìbàdàn tí a bí nígbà tí ogun ṣì wà lóde, tí wọ́n sì gbé ayé títí di ìgbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ìwọ̀nba díẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn dé oko àti abúlé tó bí ti Akínpẹ̀lú Obísẹ̀san. Kì í ṣe jagunjagun bí bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jọba. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ní gbogbo ẹ̀bá Ìbàdàn, láti Ọlọ́runṣògo títí dé Àkànrán àti kọjá ibẹ̀, ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ṣe olórí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Orúkọ ẹgbẹ́ yìí tó ohun tí ènìyàn í dúró wò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mú òfin rẹ̀ wá pè é ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí kí a jùmọ̀ ṣiṣẹ́, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, wọn kò tú orúkọ náà bí ó ti wà. Wọ́n pè é ní àjẹṣẹ́kù, èyí ni pé kí a jẹ, kí ó sì tún ṣẹ́kù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wo ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn Yorùbá ń wo inú abà lẹ́yìn tí a ti jẹun tán. Ní ọdún 1987, ìgbìmọ̀ kan tí Gro Harlem Brundtland, obìnrin tí ó ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Norway, jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìwé kan jáde fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìwé náà ṣàlàyé pé ìdàgbàsókè tí ó yè kooro ni èyí tí àwọn tí ó wà láyé lónìí lè fi gbọ́ bùkátà wọn láìgba ti ọ̀la lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ayé gba ọ̀rọ̀ náà bí ohun tuntun. Ní abúlé Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ti ń pe ìpàdé ní orúkọ tí ó fara jọ ọ́ gidigidi ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti kú kí ìwé náà tó jáde.

Nǹkan bí ọdún 1889 ni a bí Akínpẹ̀lú sí agbo ilé Aperin ní Ìbàdàn. Orúkọ ilé náà fi hàn pé ìdílé ọdẹ ni, ọdẹ tí ó ń pa erin pàápàá. Obísẹ̀san bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ológun ìlú náà. Ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, kò tíì tú ká nígbà tí a bí ọmọ yìí; ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó padà sílé pátápátá, ọdún yìí kan náà ni Ìbàdàn sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà tí àwọn ilé ńlá Ìbàdàn ń gbà lówó ti dí. Ẹrú kò sí mọ́ láti kó, ìkógun kò sí mọ́, àwọn ọmọ ológun sì ní láti wá ohun mìíràn ṣe. Àwọn kan lọ sí oko, àwọn kan lọ sí ilé ìwé. Akínpẹ̀lú ṣe méjèèjì.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. ni ó lọ. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdé, ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, kòkó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún àwọn oko tí ó yí ìlú náà ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀wé nígbà náà yóò rí iṣẹ́ akọ̀wé ṣe, òun náà sì ṣe é. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tí ń ra kòkó fún àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Ní ọdún 1914, òun àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn mìíràn tí wọ́n mọ̀wé kó ara wọn jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán. Ọ̀kan nínú wọn ni I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó ti kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn ní ọdún 1911, tí ó sì wá jẹ Olúbàdàn ní ọdún 1955. Èrò àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni pé kí ìmọ̀ ìwé má ṣe mú kí ìtàn àti àṣà ìlú wọn parun. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ó ṣàlàyé ọ̀nà tí Obísẹ̀san gbà nígbà tí ó di àgbà: kò gbàgbọ́ pé ó di dandan kí ènìyàn yàn láàrin ohun tí ó bá nílé àti ohun tí ó ti òkèèrè wá.

Ní àkókò yìí náà ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ sínú ìwé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tí ó ju ogójì ọdún lọ. Kò kọ ọ́ láti fi yin ara rẹ̀. Ó kọ gbèsè tí ó jẹ síbẹ̀, ó kọ ìtìjú tí gbèsè mú bá a, ó kọ ìjà àárín ìdílé àti àìsùn òru. Ẹni tí ó bá ń wá àpèjúwe ọkùnrin kan tí kò ní àléébù kò ní rí i níbẹ̀.

Gbèsè náà kì í ṣe ti ìwà àpà nìkan. Òwò kòkó ní ìgbà náà jẹ́ òwò tí ń gbé ènìyàn sókè lónìí tí ó sì ń là á mọ́lẹ̀ lọ́la. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní ọdún 1918, iye owó kòkó gòkè lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Àwọn arakòkó yá owó, wọ́n kó o fún àgbẹ̀ kí kòkó tó pọ́n, wọ́n kọ́lé, wọ́n gbéyàwó. Kí ọdún 1920 tó parí, ọjà òkèèrè ti wó. Ẹni tí ó ra kòkó ní owó gọbọi kò rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdajì. Ilé iṣẹ́ òyìnbó ń bèèrè owó wọn lọ́wọ́ akọ̀wé, akọ̀wé ń bèèrè lọ́wọ́ aláròóbọ̀, aláròóbọ̀ sì gba abúlé lọ láti bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú rú.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí àgbẹ̀ kò fi lè gba ara rẹ̀, kí a wo ọ̀nà tí ó ń gbà ta kòkó rẹ̀. Ní ìgbà òjò, nígbà tí owó kò sí lọ́wọ́, tí ọmọ ṣàìsàn tàbí tí òkú ṣẹlẹ̀, àgbẹ̀ yóò tọ arakòkó lọ láti yá owó. Kòkó tí ó wà lórí igi, tí kò tíì pọ́n, ni yóò fi ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí ó bá pọ́n, ẹni tí ó yá a lówó ni ó ni ín, iye tí ó bá wù ú ni yóò sì fi gbà á. Òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ ẹni tí ń rà, àgbẹ̀ kò sì mọ nọ́ńbà tí ó wà lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn, igi kòkó fúnra rẹ̀ ni a ó fi dógò, tí ẹlòmíràn yóò máa ká a fún ọ̀pọ̀ ọdún títí owó yóò fi pé. Nítorí pé àgbẹ̀ ti mọ̀ pé iye kan náà ni a ó san fún kòkó rere àti kòkó búburú, kò sí ohun tí ó mú kí ó fara balẹ̀ tọ́jú tirẹ̀. Ó ń ká a láìpọ́n, kò bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kò sá a kí ó gbẹ. Kòkó Nàìjíríà sì ní orúkọ burúkú ní ọjà òkèèrè.

Kì í ṣe pé àwọn baba wọn kò mọ bí a ti ń ran ara ẹni lọ́wọ́. Yorùbá ní àáró, níbi tí ọkùnrin márùn-ún tàbí mẹ́fà ti ń lọ sí oko ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, èyí tí ènìyàn ń bẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ńlá bá dé, bí ilé kíkọ́, tí yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe àwọn tí ó wá lálejò. Wọ́n ní èésú, níbi tí olúkúlùkù ń dá iye kan náà, tí ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ilẹ̀, wọn kò jẹ́ kí a ro ó títí kí ó fi ṣá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọn a fi í sílẹ̀ kí igbó tún hù lórí rẹ̀, wọn a sì lọ sí apá ibòmíràn. Ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìdílé ni ó ni ín, àwọn tí ó ti kú àti àwọn tí a kò tíì bí sì wà lára ìdílé náà.

Ṣùgbọ́n kòkó kò bá ètò yìí mu. Igi kòkó lè dúró lórí ilẹ̀ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ilẹ̀ tí a gbìn ín sí kò ní sinmi mọ́. Igi ni ẹni tí ó gbìn ín lè fi dógò, nígbà tí ilẹ̀ tí ó dúró lé jẹ́ ti ìdílé. Láti ibẹ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀ àti ìjà ìṣákọ́lẹ̀ ti gbilẹ̀. Èésú pẹ̀lú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bá kó o kárí, owó tán; kò sí ohun kan tí ó ṣẹ́kù nínú àpótí fún ọdún tí kòkó kò bá so tàbí tí ọjà bá wó. Àáró kò lè gbé kòkó dé Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wẹ̀ kò lè bá ilé iṣẹ́ òyìnbó ná ọjà. Ọgbọ́n àtijọ́ dára, ṣùgbọ́n oko iṣu àti àgbàdo ni a dá a fún.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn mìíràn ti dojú kọ irú ìṣòro yìí ṣáájú. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1844, àwọn ènìyàn 28, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, dá owó jọ, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níbi tí òṣùwọ̀n kò ti ní èrú, tí wọ́n sì ń pín èrè fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ó ti rà tó. Ìlú ẹ̀rọ àti owó oṣù ni Rochdale, nítorí náà ọjà rírà ni ó jẹ wọ́n lógún. Ní Jámánì ọ̀nà náà yàtọ̀. Friedrich Wilhelm Raiffeisen, tí a bí ní ọdún 1818, jẹ́ olórí ìjọba àwọn abúlé kan ní agbègbè Weyerbusch nígbà tí ìyàn mú ní ọdún 1846 sí 1847. Ó kó àwọn ọlọ́rọ̀ jọ kí wọ́n dá owó, ó pín oúnjẹ fún àwọn tí ebi ń pa kí wọ́n lè san owó rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí ó sì di ọdún 1864 ó dá ẹgbẹ́ ayánilówó sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní Heddesdorf. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ kan má ṣe tóbi ju abúlé kan lọ, kí ó lè jẹ́ pé gbogbo wọn mọ ìwà ara wọn, kí wọ́n sì jùmọ̀ dúró fún gbèsè ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìlànà yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ sí Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọdún 1904 nítorí àwọn àgbẹ̀ tí àwọn ayánilówó ti sọ di ẹrú.

Láti Íńdíà ni ó ti dé Nàìjíríà. C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣe olùdarí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Punjab, wá wo ilẹ̀ wa, ó sì fi èsì ìwádìí rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1934. Ní ọdún 1935 ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé Strickland bá ilẹ̀ òfìfo. Ní Agége, àwọn àgbẹ̀ onígbàgbọ́ tí J. K. Coker ṣíwájú wọn ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ibùjókòó wọn wà ní Moor Plantation ti ń kó àwọn àgbẹ̀ jọ láti kọ́ wọn bí a ti ń ṣe kòkó kí ó lè dára, kí wọ́n sì tà á pọ̀.

Ibi yìí ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí fi hàn pé ẹ̀rún kòkó tútù gbọ́dọ̀ wà ní òkìtì lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí nínú àpótí, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, kí a sì máa yí i padà. Ní àkókò náà, ooru yóò mú un, omi ara rẹ̀ yóò ṣàn jáde, ìkorò inú rẹ̀ yóò dínkù, òórùn dídùn tí àwọn tí ń fi í ṣe oúnjẹ ń wá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Lẹ́yìn náà ni a ó sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ kanrin. Ẹnì kan tí ó ní oko kékeré kì í rí kòkó ká lẹ́ẹ̀kan náà tó èyí tí yóò mú òkìtì gbóná dáadáa. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá kó tiwọn pọ̀, òkìtì náà yóò tó. Nítorí náà, ohun tí àwọn onímọ̀ ń fẹ́ àti ohun tí àáró ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ pàdé lójú kan. Ìṣòro tí ó kù ni ti owó àti ti ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni ó mú kí Obísẹ̀san ṣe pàtàkì. Àgbẹ̀ tí a ti fi òṣùwọ̀n rẹ́ jẹ fún ogún ọdún kò ní kó kòkó rẹ̀ fún ẹgbẹ́ nítorí pé òyìnbó kan sọ pé ó dára. Ó ń fẹ́ ẹni tí ó lè ka ìwé tí ìjọba kọ, tí yóò sì tún mọ ilé tí a ti bí i. Obísẹ̀san jẹ́ ọmọ Aperin, a mọ bàbá rẹ̀, ó mọ̀wé, ó ti ra kòkó rí, nítorí náà kò sí ẹ̀tàn tí àwọn arakòkó ń ta tí kò mọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ gbèsè títí ojú fi tì í. Bóyá èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ràn án lọ́wọ́ jù, nítorí pé ẹni tí gbèsè kò mú rí kì í lóye ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ dáadáa.

Ní ọdún 1937 ni a forúkọ ẹgbẹ́ Gbẹ́dùn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun náà. Abúlé kòkó ni Gbẹ́dùn, ní apá Ọ̀nà-Àrà, kò jìnnà sí Àkànrán. Kì í ṣe ní Èkó tàbí ní àárín ìgboro Ìbàdàn ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe ní oko. Ní ọdún kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ abúlé wọ̀nyí para pọ̀ di ìṣọ̀kan kan tí yóò máa bá wọn ta kòkó ní Ìbàdàn, Obísẹ̀san sì ni olórí rẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ abúlé ti ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti sọ, kò sì rọrùn láti ṣe. Olúkúlùkù yóò dá owó ìpín. Wọn yóò yan alága, akápò àti akọ̀wé láàrin ara wọn. Kòkó yóò wá sí ilé ìkó-nǹkan-sí ti ẹgbẹ́, a ó wọ̀n ọ́n lójú gbogbo ènìyàn, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó yọ èyí tí ó ti bu kúrò. Ẹni tí ó bá mú un wá yóò gba owó díẹ̀, nígbà tí a bá sì tà á tán a ó pín èrè tí ó kù gẹ́gẹ́ bí kòkó olúkúlùkù ti tó. Ṣùgbọ́n a kò ní pín gbogbo rẹ̀. Òfin pàṣẹ pé kí a ya apá kan sọ́tọ̀ ní ọdọọdún, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn láti pín. Apá yìí ni èésú kò ní. Òun sì ni àwọn àgbẹ̀ rí tí orúkọ àjẹṣẹ́kù fi yẹ ẹgbẹ́ náà. Láti inú owó yìí àti owó tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ń fi pamọ́ ni a ti ń yá ènìyàn ní ìgbà òjò, kí ó má baà tọ arakòkó lọ.

Àwọn arakòkó kò káwọ́ gbera. Bí ẹgbẹ́ bá san iye kan, wọn a fi díẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láti fa àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kúrò. Àwọn mìíràn a sì fẹ̀yìn ilé tà fún wọn lóru. Ní ọdún 1937 náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti òyìnbó ṣe àdéhùn láàrin ara wọn láti má ṣe bá ara wọn díje nípa kòkó rírà ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, àti ní Nàìjíríà. Ní Gold Coast àwọn àgbẹ̀ kọ̀ láti tà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ní ọdún 1938 láti wádìí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà sọ pé ó yẹ kí àwọn àgbẹ̀ máa ta kòkó wọn ní ìṣọ̀kan. Ohun tí Obísẹ̀san àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú igbó Ìbàdàn ni èyí.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń gbòòrò. Ní ọdún 1945 a dá ẹgbẹ́ àwọn alájẹṣẹ́kù tí ń kó irè oko lọ sí òkèèrè sílẹ̀, kí kòkó lè ti ọwọ́ àgbẹ̀ dé inú ọkọ̀ ojú omi láìgba ọwọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó kankan. Ní ọdún 1953 a dá Báǹkì Alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Obísẹ̀san ni ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí rẹ̀. Ọmọ ilé ológun, tí ó ti sá fún àwọn olówó rẹ̀ nígbà èwe, wá di olórí báǹkì àwọn àgbẹ̀ nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ọ̀nà kan wà tí àlàáfíà kò ti sí láàrin ìmọ̀ òyìnbó àti èrò àgbẹ̀, kò sì ní dára kí a fò ó dá. Ní ọdún 1944 ni a rí i ní agbègbè Ìbàdàn pé àrùn kan ti wọ inú kòkó, èyí tí a ti kọ́kọ́ rí ní Gold Coast ní ọdún 1936. Ó ń mú kí ẹ̀ka wú, kí ewé yí àwọ̀ padà, kí èso dínkù, kí igi sì kú níkẹyìn. Kòkòrò kéékèèké funfun tí ń mu oje igi ni ó ń gbé e láti igi kan dé èkejì. Àwọn onímọ̀ kò rí oògùn fún un. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a gé igi tí ó ní àrùn lulẹ̀, àti àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ tí ara wọn dá lójú. Ní ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i: kí a pàdánù díẹ̀ kí púpọ̀ lè yè. Ṣùgbọ́n igi tí ó ṣì ń so ni a wá gé lójú ẹni tí ó gbìn ín. Igi náà ni owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, òun ni ẹ̀rí gbèsè rẹ̀, òun sì ni ogún tí ó fẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ sọ pé igi tí ń so kò kú. Ẹgbẹ́ Máyégún dìde láti tako gígé náà, inú bí àwọn abúlé, nígbà tí ó sì di nǹkan bí ọdún 1950 ìjọba jáwọ́ nínú rẹ̀ ní àwọn apá Ìbàdàn tí àrùn náà ti gbilẹ̀ jù.

Tí a bá wò ó dáadáa, ìhà méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la. Àwọn onímọ̀ ń ro ti igbó kòkó lápapọ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń ro ti ilé tiwọn. Àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni pé wọ́n mú àdá wá kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ wá. Nígbà tí a tún ọ̀nà gbà lẹ́yìn náà, tí a ń pín irúgbìn kòkó tuntun tí a mú láti igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tí ó ń tètè so tí ó sì lágbára ju ti àtijọ́ lọ, àwọn àgbẹ̀ gbà á tayọ̀tayọ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi tipátipá mú wọn.

Iṣẹ́ Obísẹ̀san pẹ̀lú ní ibi tí kò dé. Kò sí ìgbà kan tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà; àwọn arakòkó ni ó ń rà á síbẹ̀. Àwọn tí ó ní oko ńlá ni ẹgbẹ́ náà ràn lọ́wọ́ jù, ju àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin, tí ọwọ́ wọn ń fọ́ kòkó tí wọ́n sì ń sá a, kì í sábà ní orúkọ nínú ìwé ẹgbẹ́. Igbó tí kòkó jẹ kò padà wá, ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn sì ti fi oko tí ó ti gbó sílẹ̀ láti lọ wá ilẹ̀ tuntun ní apá Ifẹ̀ àti Oǹdó. Owó inú àpótí ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n igbó kò ṣẹ́kù tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1963 ni Akínpẹ̀lú Obísẹ̀san kú. Kò rí ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Àkànrán àti agbègbè rẹ̀ dìde nínú ogun Àgbẹ́kọ̀yà nítorí owó orí tí ó pọ̀ jù àti owó kòkó tí ó kéré jù. Báǹkì tí ó ṣe olórí rẹ̀ para pọ̀ mọ́ àwọn báǹkì mìíràn ní ọdún 2006, orúkọ alájẹṣẹ́kù sì kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní abúlé àti ní ọ́fíìsì, láàrin àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò lóǹkà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì ti ya ọdún 2012 àti ọdún 2025 sọ́tọ̀ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Gbọ̀ngàn kan wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe ìgbéyàwó àti ìpàdé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì bèèrè ta ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ wà ní yàrá ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbogbo gbèsè rẹ̀ sì wà nínú wọn bí ó ti kọ wọ́n sílẹ̀.